Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dì Nínú Àìsàn Kòrónà

Nígbà tí wọ́n fìdí aláìsàn kòrónà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà múlẹ̀ ní Èkó, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020, àìsàn èémí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn dókítà káàkiri àgbáyé fi rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn náà wọ̀ lára gidi a máa ki, a sì máa dì nínú iṣan. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe fáíbírínójẹ́ẹ̀nì, èròjà tí ara fi ń hun àwọ̀n tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró. Bí ara bá ń bá fáírọ́ọ̀sì jà kíkankíkan, èròjà yìí a pọ̀ jù, awọ inú iṣan a ṣèṣe, ibà àti àìmumi a sì dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá já kúrò ní ẹsẹ̀, ó lè lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó sì ń ro olúwarẹ̀ jẹ́ àmì tó yẹ kí a tètè kíyè sí.

Hẹ́párìn, abẹ́rẹ́ tí wọ́n sábà máa ń gún sábẹ́ awọ, ni àwọn ilé ìwòsàn fi ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì yìí. Ásípírìn tí aláìsàn bá dá rà ní kẹ́míìsì ní Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko ní Èkó kò lè rọ́pò hẹ́párìn. Ó tilẹ̀ léwu, nítorí ó lè jẹ́ pé ibà Lassa ni ó ń ṣe aláìsàn náà, kì í ṣe kòrónà; ibà Lassa, tí òun náà ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde ní erìgì àti imú, ásípírìn a sì dá kún un.