Ìwé-Ẹ̀rí Wo Ló Yẹ Oníléeṣẹ́ Gàrí?

ÌBÉÈRÈ: Obìnrin kan tó ń ṣe gàrí sínú ọ̀rá béèrè pé: “Mo fẹ́ kí gàrí mi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé-ẹ̀rí ààbò oúnjẹ wo ni kí n gbà?”

ÌDÁHÙN: Nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, kò sí lára ohun tí oníṣòwò ń yàn, òfin ni. Lẹ́yìn rẹ̀, oníbàárà ló ń pinnu ìwé-ẹ̀rí tó kù.

Ètò ààbò oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní HACCP ni ìpìlẹ̀. Ìgbà tí Amẹ́ríkà ń wá oúnjẹ tí kò léwu fún àwọn arìnrìn-àjò ojú òfuurufú, láàárín ọdún 1960 sí 1969, ló bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé kí olówò mọ ibi tí ewu ti lè wọlé, kó sì máa ṣọ́ ọ. Nínú gàrí, ibẹ̀ ni iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi kan, nítorí májèlé inú rẹ̀. Bí gàrí ṣe gbẹ tó kó tó wọ ọ̀rá, kó má baà bu. Àti irin tó lè já bọ́ láti ara ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́. Ṣíṣọ́ àwọn ibi wọ̀nyí ṣe pàtàkì ju ìwé èyíkéyìí lọ.

Ìlànà ISO 22000, tó jáde ní 2005, fi ètò ìṣàkóso kún HACCP. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá kì í gba òun nìkan; ìwé-ẹ̀rí FSSC 22000 tàbí ti BRCGS, èyí tí àwọn oníṣòwò Bìrìtìkó dá sílẹ̀ ní 1998, ni wọ́n ń fẹ́.

Kí ìyá náà kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ rajà lọ́wọ́ rẹ̀ léèrè, kó tó náwó.