Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Kí Ọmọ Tó Di Agbábọ́ọ̀lù, Kí Òbí Tó Yáwó

 

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Kò sí àdúgbò tí àwọn ọmọ kò ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì sí òbí tí kò tíì gbọ́ pé agbábọ́ọ̀lù báyìí-báyìí ti di olówó lókè òkun. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún òbí pé, “Ẹ mówó wá, màá mú ọmọ yín dé Yúróòpù,” ibo ni òbí yóò kọ́kọ́ sáré lọ? Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, kó lọ yáwó. Owó tí a bá sì yá jáde, owó gbogbo wa ni: owó aláta, owó aláṣọ, owó oníṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà ó yẹ ká mọ bí ọmọ ṣe ń di agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù ní tòótọ́, ká tó fọwọ́ síwèé onígbọ̀wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

A óò fi ẹnì kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Victor Osimhen ni.

1. Ọmọ tó ń kiri omi

Èkó ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1998. Olúsosùn, níbi tí ààtàn ńlá nì wà, ló gbé dàgbà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ni àwọn ọmọ ilé bá di oníkiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ta ìwé ìròyìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ta ọsàn, òun náà ń sá tẹ̀lé mọ́tò nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Èkó, ó ń ta omi. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé bó bá dalẹ́, gbogbo àwọn a kó owó tí àwọn pa sórí tábìlì, àwọn a sì kó o fún ẹ̀gbọ́n àwọn obìnrin tó dàgbà jù. Ẹ ò rí i pé alájẹṣẹ́kù ni wọ́n, bí wọn kò tilẹ̀ ní ìwé ẹgbẹ́!

Èkó yìí náà ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ultimate Strikers Academy. Ní 2015, akọ́nimọ̀ọ́gbá Emmanuel Amuneke mú un lọ sí Chile, fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti àwọn tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ. Góòlù 10 ni ó gbá wọlé níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbá tó o. Nàìjíríà na Mali ní 2–0, a sì gba ife náà.

2. Ìgbà tí ọjà kò tà

Ẹni tó bá rò pé láti Chile ni owó ti ya dé, kò mọ bó ṣe rí. Oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ẹgbẹ́ Wolfsburg ní Jámánì tó gbà á. Ohun tójú rẹ̀ rí níbẹ̀ kò kéré. Èjìká rẹ̀ ṣèṣe, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kò sì gbá góòlù kan ṣoṣo wọlé nínú líìgì Jámánì. Ní 2018, ibà dá a gúnlẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ní Belgium wò ó, àwọn méjèèjì ní àwọn kò fẹ́. Ẹgbẹ́ kẹta, Charleroi, ló gbà á, wọn ò tilẹ̀ kọ́kọ́ rà á; wọ́n yá a lò ni.

Ibẹ̀ ni ọjà ti wá tà. Góòlù 20 ló gbá fún Charleroi láàárín 2018 sí 2019. Lille ní ilẹ̀ Faransé rà á ní 2019, ó gbá 18 fún wọn. Napoli ní Ítálì rà á ní 2020. Ní 2023, Napoli gba líìgì Ítálì, èyí tí wọn kò rí gbà láti 1990, góòlù 26 tí ó gbá nínú líìgì náà ló sì pọ̀ jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà, oyè tí Rashidi Yekini kọ́kọ́ gbà fún Nàìjíríà ní 1993.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò o. Láti Chile dé Charleroi, ó tó ọdún mẹ́ta kí ọ̀nà tó là. Ọmọ tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lágbàáyé la sì ń sọ yìí. Ẹ̀yáwó kì í dúró de irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbowó lónìí, kò ní í pẹ́ tí sísan àti èlé yóò fi bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù wọlé o, kò wọlé o.

3. Ohun tí òfin sọ

Kí ló dé tí Wolfsburg fi dúró ju ọdún kan lọ? Òfin FIFA ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gba ọmọ láti ilẹ̀ mìíràn bí kò bá tíì pé ọdún 18. Àyọ̀ǹda tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: bí àpẹẹrẹ, bí òbí bá kó lọ sí ilẹ̀ náà nítorí iṣẹ́ ara wọn, tí kì í ṣe nítorí bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 2016 ni Osimhen pé 18. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ mú ọmọ ọdún 15 lọ sí ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù lóṣù tó ń bọ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́.

A ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ kó lọ, tí wọ́n já sílẹ̀ sígboro láìsówó láìsíwèé. Ìdí nìyẹn tí Jean-Claude Mbvoumin, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Cameroon, fi dá ẹgbẹ́ Foot Solidaire sílẹ̀ ní Faransé ní 2000, láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

4. Èrè ẹni tó tọ́ ọmọ

Bí ẹgbẹ́ ilẹ̀ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn, FIFA ní kí wọ́n yọ náírà 5 nínú 100 fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 dé 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 sí 15, kọ́bọ̀ 25 nínú náírà 100. Láti 16 sí 23, kọ́bọ̀ 50.

Ká ní wọ́n ta ọmọ kan ní mílíọ̀nù kan. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó tọ́ ọ ní ọdún 13, 14 àti 15 yóò gba kọ́bọ̀ 75 nínú 100, ìyẹn 7,500. Ṣùgbọ́n àfi bí ọmọ náà bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, tí àkọsílẹ̀ sì wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣòwò mọ̀ ọ́n: gbèsè tí kò níwèé, ojú ló ń tini bí a bá ń sin ín. Ẹ bi ẹgbẹ́ tí ọmọ yín ń bá gbá bọ́ọ̀lù bóyá wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

5. Ohun tí a óò bèèrè ká tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó

(a) Ta ni aṣojú náà? Láti 2023, FIFA tún ti ń fún aṣojú ní ìdánwò àti ìwé àṣẹ. Kí akọ̀wé wo orúkọ rẹ̀ bóyá ó wà níbẹ̀.

(b) Ìwé wo ló wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà? Ẹ kọ̀wé sí wọn fúnra yín, kì í ṣe sí àdírẹ́sì tí aṣojú fún yín.

(d) Ta ló ń sanwó? Ẹgbẹ́ tó fẹ́ ọmọ ló yẹ kó náwó lé e. Inú owó àdéhùn ni èrè aṣojú ti ń jáde, kì í ṣe inú àpò òbí ṣáájú.

(e) Ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọjọ́ orí ọmọ yín padà.

(ẹ) Ilé-ìwé ńkọ́? Èjìká lè yẹ̀, ohun tí ọmọ kọ́ kì í yẹ̀.

A kò sọ pé kí ọmọ má gbá bọ́ọ̀lù. Bí òbí bá fẹ́ yáwó ra bàtà bọ́ọ̀lù, tàbí kó san owó ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbọ́ ọ. Owó aṣojú ìpàkọ́rọ̀ ni a ń sọ pé kò gbọdọ̀ jáde nínú àpò ẹgbẹ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Kí ló dé tí Osimhen kò fi lọ sí Jámánì ní kété tó dé láti Chile?
2. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù ní mílíọ̀nù méjì, èló ni yóò kan ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ ní ọdún 16 àti 17?
3. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ní kí ẹ ṣe onígbọ̀wọ́ fún òun lórí owó aṣojú, kí lẹ ó sọ fún un tí kò ní í bínú?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sétí ẹni tí kò mọ̀wé kà.