Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: ỌDÚN ẸṢIN

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí ó bá mú ẹsẹ̀ wá sáyé ni Ìgè. Ní Tógò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ Jímọ̀ ní Kòfí. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn ń wo ọdún tí a bí ọmọ.

Ọdún kọ̀ọ̀kan ní ẹranko tirẹ̀. Ẹranko náà jẹ́ 12: eku, màlúù, ẹkùn, ehoro, dírágónì, ejò, ẹṣin, ewúrẹ́, ọ̀bọ, àkùkọ, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀. Dírágónì jẹ́ ẹranko inú ìtàn. Kò sí nínú igbó kankan. Bí ọdún ẹlẹ́dẹ̀ bá parí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí eku.

Kí ni wọ́n ń sọ nípa ẹni tí a bí ní ọdún ẹṣin? Wọ́n ní ara rẹ̀ yá gágá. Ó fẹ́ràn ìrìn àjò, kì í fẹ́ jókòó sójú kan. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì tètè ń ní ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní sùúrù, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni darí òun. Ẹ kò rí i pé ìwà ẹṣin ni wọ́n mú fún ọmọ?

Wọ́n tún so nǹkan márùn-ún mọ́ àwọn ẹranko náà: igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi. Nítorí náà, ọdún ẹṣin oníná ń padà wá lẹ́ẹ̀kan ní 60 ọdún.

Àwọn ará Jàpáànì kọ́ kíka ọdún yìí láti Ṣáínà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Wọ́n ní obìnrin tí a bí ní ọdún ẹṣin oníná yóò jẹ́ onínúfùfù, ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ kò sì ní gùn. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣòro fún àwọn kan nínú àwọn obìnrin tí a bí ní 1906 láti rí ọkọ.

Ọdún ẹṣin oníná tún dé ní 1966. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ tọkọtaya, wọn kò sì fẹ́ bímọ ní ọdún náà. Ẹ wo iye ọmọ tí a bí ní Jàpáànì:

1965: ó lé ní 1,820,000
1966: ó lé ní 1,360,000
1967: ó lé ní 1,930,000

Àwọn òbí náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọn kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn di ẹni tí ayé ń sá fún. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń lé ọkọ sá? Ẹṣin kọ́. Ẹnu ènìyàn ni.

Ẹ gbọ́ ti Kiko. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1966 ni a bí i. Ní 1990, Akishino, ọmọ ọba Jàpáànì, fi í ṣe aya. Ìgbéyàwó wọn ti lé ní 30 ọdún. Ní 2006, ó bí ọmọkùnrin tí ó wà lára àwọn tí oyè ọba kàn.

Ọdún 2026 náà jẹ́ ọdún ẹṣin oníná. Ọmọbìnrin tí a bí nínú rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Àwọn àgbà wa ní: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò wí pé ọmọ tí a bí ní ọdún báyìí. Ẹ̀kọ́ ilé ni ó ń tún ìwà ṣe. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ọjọ́ tí a bí ọmọ yín kò dára, ẹ má ṣe fi ojú burúkú wo ọmọ náà. Ẹ kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tuntun
onínúfùfù: ẹni tí ó tètè ń bínú

Ìbéèrè
1. Ìwà wo ni wọ́n ní ó wà lára ẹni tí a bí ní ọdún ẹṣin?
2. Kí ni ó mú kí ọmọ dín kù ní Jàpáànì ní 1966?
3. Ẹ fi 12 kún 1966. Ọdún ẹṣin wo ni ó tẹ̀lé e?
4. Ní àdúgbò yín, kí ni àwọn ènìyàn ń sọ nípa ọjọ́ tí a bí ọmọ? Ẹ jíròrò rẹ̀ nínú kíláàsì.