Èlíjà Sùn, Ó sì Jẹun

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-18, Máàkù 6:30-32

Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú iṣẹ́ ọjà, ẹ sì kú iṣẹ́ Olúwa. Bí a ti máa ń kí ara wa nìyẹn, iṣẹ́ ni a fi ń kíra. Bí a bá bá ẹnìkan nínú wa lórí ẹní lọ́sàn-án, tí a sì kí i pé "ẹ kú ìsinmi", yóò dìde fìrì, yóò máa ṣàlàyé pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀ ni. Bí ẹni pé a ká olè mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ìsinmi yìí ni ẹ̀kọ́ wa dá lé. Kí a tó tẹ̀síwájú, kí ẹnìkan ka ìtàn Èlíjà sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ rántí ibi tí Èlíjà ti ń bọ̀. Ó ti dojú kọ wòlíì Báálì 450 lórí òkè Kámẹ́lì. Iná ti bọ́ láti ọ̀run, òjò ti rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó sì ti sáré níwájú kẹ̀kẹ́ ẹṣin Áhábù títí dé Jésírẹ́ẹ́lì. Iṣẹ́ ńlá ni. Lẹ́yìn gbogbo èyí, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Jésébẹ́lì rán sí i ni ó lé e wọ aginjù. Ó fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bééríṣébà, òun nìkan rin ìrìn ọjọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun.

Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run kọ́kọ́ ṣe. Kò bá a wí. Kò bi í léèrè pé níbo ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà. Èlíjà sùn. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó jí, àkàrà àti omi wà lẹ́bàá orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì tún wá, ó ní kí ó tún jẹun, nítorí ìrìn tó wà níwájú ju agbára rẹ̀ lọ. Ìgbà tó sùn tó sì jẹun lẹ́ẹ̀mejì ni ó tó lè rin ogójì ọjọ́ dé Hórébù, níbi tí ó ti gbọ́ ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà. Èmi kì í ṣe alùfáà, ṣùgbọ́n mo rò pé bí ohùn yẹn bá wá lábẹ́ igi, Èlíjà kì bá tí gbọ́. Àwa tí a máa ń tòògbé nígbà ìwàásù mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní ọdún 2016, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá mi. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu wọn. Ọ̀dọ̀ mi ni a gbé wọn wá. Mò ń ta aṣọ lọ́jà, èmi ni akápò ẹgbẹ́ wa, mo wà nínú ìgbìmọ̀ ìkórè, ọmọ mi obìnrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí láti wẹ Màmá. Mo ní láti máa yí wọn padà lórí ibùsùn tọ̀sán-tòru kí egbò má baà dá sí wọn lára. Gbogbo ènìyàn ń yìn mí, wọ́n ní Olúwa yóò san án fún mi. Ìyìn náà dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Nígbà tí àwọn àbúrò mi bá pè láti béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ, èsì mi ni pé, "Kò sí wàhálà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2017, mo po ògì fún Màmá. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n tu ú dànù sára aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ fún wọn. Mo pariwo mọ́ wọn, irú ariwo tí n kò pa mọ́ ọmọ mi kankan rí. Ẹkún ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Nígbà tí mo tọ́ ògì náà wò, iyọ̀ ni mo fi sí i dípò ṣúgà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn ènìyàn lẹ́yìn ìsìn. Mo jókòó kìkì nítorí pé ìlà kò gùn. Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ ni 182 lórí 108. Orí kò fọ́ mi, òòyì kò kọ́ mi. Nọ́ọ̀sì náà béèrè pé ìgbà wo ni mo sùn mọ́jú gbẹ̀yìn. N kò rántí. Ó ní, "Mà, bí ẹ̀yin náà bá ṣubú, ta ni yóò wẹ ìyá yín?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti pa púpọ̀ nínú wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ní àmì kankan. Bí àyẹ̀wò bá ń fi 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ hàn léraléra, ẹ lọ rí dókítà, nítorí òun ni ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn náà ló mú kí ara yá. Ẹ má sì ṣe máa yá ara yín lóògùn. Mo ti rí i nínú ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí ìpàdé, tí ìyá kan ń sọ fún èkejì pé, "Fún mi ní ọ̀kan nínú tìrẹ." Kí ẹni tó ń lo oògùn tó sì fẹ́ gbààwẹ̀ kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kí ti àgbàlagbà tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, magí sì wà nínú ìṣirò náà. Àjọ náà tún ní kí a máa rin ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ìdúró lọ́jà kò sí nínú rẹ̀. Oorun sì ńkọ́? Àgbàlagbà nílò tó wákàtí méje lálẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Níbo ni wákàtí náà yóò ti wá? Ẹ padà sọ́dọ̀ Èlíjà. Nígbà tó dé Hórébù, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sọ fún Ọlọ́run pé òun nìkan ni ó kù. Ọlọ́run dá a lóhùn pé 7,000 ń bẹ tí kò wólẹ̀ fún Báálì, ó sì rán an lọ sọ́dọ̀ Èlíṣà. Ó ní ìránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ ní Bééríṣébà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn, mo rí i pé èmi náà ti fi àwọn àbúrò mi sílẹ̀ ní Bééríṣébà. "Kò sí wàhálà" ni mo fi tì wọ́n sẹ́yìn.

Mo pè wọ́n. Àbúrò mi ọkùnrin bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kò sí wàhálà!" Ó jàre. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi owó ránṣẹ́ fún obìnrin kan tó ń sùn ti Màmá lóru mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní kíláàsì wa, arábìnrin méjì gba ọ̀sán Ọjọ́rú, aago méjì sí mẹ́rin. Ọjọ́rú àkọ́kọ́, n kò lè sùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo dúró sí tí mo ń tẹ́tí. Ohun tí mo gbọ́ ni ẹ̀rín. Màmá ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọjà tí wọ́n ń sọ fún wọn. Nígbà tí ohùn wọn já díẹ̀, wọ́n sọ fún mi pé ojú mi nìkan ti sú wọn í rí.

N kò sọ pé ẹrù náà fúyẹ́. Òṣùká kì í dín ẹrù kù, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí yóò gbé garawa omi rù láìsí òṣùká? Mo fi ìgbìmọ̀ ìkórè sílẹ̀, inú àwọn kan kò sì dùn sí mi di òní. Níbí, ẹgbẹ́ wa náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń sọ pé "rárá" ni a máa ń di iṣẹ́ rù, nígbà tó bá sì ṣubú, a ó ra aṣọ kan náà wá bẹ̀ ẹ́ wò. Màmá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2020. A ti rẹ́rìn-ín pọ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Bí ẹnìkan bá ní ariwo ilé òun kò jẹ́ kí òun rí àyè, kí ó rántí Susanna Wesley, ìyá John àti Charles. Ọmọ 19 ni ó bí, púpọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Ní ọdún 1705 wọ́n fi ọkọ rẹ̀ sẹ́wọ̀n nítorí gbèsè. Ní 1709 ilé wọn jóná ní Epworth. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé nínú ilé. Síbẹ̀ ó ní àkókò tirẹ̀ lójúmọ́ fún àdúrà àti àṣàrò. Ìtàn tí a máa ń sọ nínú Ìjọ Elétò ni pé yóò fi aṣọ ìdáná rẹ̀ borí, àwọn ọmọ yóò sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pe Màmá. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé náà kò dákẹ́. Ó kọ́ wọn láti dúró ni. John tó bí náà sì tẹ ìwé ìtọ́jú ara kan jáde ní ọdún 1747, ó pè é ní Primitive Physick, nítorí náà ìtọ́jú ara kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Èlíjà ní kí òun kú. Bí irú èrò yẹn bá ń wá sí ọ̀kan lára wa lóru, kí ó má ṣe dá a gbé mọ́ra. Kí ó sọ fún ẹni tó fọkàn tán lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Kí àwa tí a bá sọ ọ́ fún má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìbáwí. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ jókòó tì í, ẹ bá a lọ.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Kí nìdí tí Èlíjà fi fi ìránṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀? Kí ni tiwa?

Ta ni ó ń tọ́jú aláìsàn nínú kíláàsì yín, tí ó ń sọ pé "kò sí wàhálà"? Ọ̀sán wo ni ẹ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí akọ̀wé kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ kí ìpàdé tó parí.

Iṣẹ́ wo nínú ẹgbẹ́ wa ni ẹnìkan ṣoṣo ń ṣe láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Ẹ bi òun fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ gbé e sílẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.