Yíyá Kì í Ṣe Wínwín: Èdè Ìṣètò Rust àti Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí tí ó Yẹ ẹ́

Ní ọdún 2006, Graydon Hoare, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Mozilla, dé ilé rẹ̀ ní ìlú Vancouver, ó sì bá a pé ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sí òkè ilé náà ti dákẹ́. Kì í ṣe pé irin rẹ̀ ṣẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń darí rẹ̀ ni ó dojú rú. Àjà kọkànlélógún ni ọkùnrin yìí ń gbé, ẹsẹ̀ ni ó sì fi gun àtẹ̀gùn dé ibẹ̀. Bí ó ti ń gòkè ni inú ń bí i, pé àwọn aṣètò kò tilẹ̀ lè ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè kan tí kò ní máa dákú. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èdè ìṣètò tuntun kan, tí ó fún ní orúkọ àrùn kan tí í máa mú irúgbìn, tí ewé yóò fi dàbí irin tí ó dípẹtà. Rust ni orúkọ náà. Àrùn náà lágídí, ikú rẹ̀ sì ṣòro; bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́ kí èdè rẹ̀ rí.

Mozilla gba iṣẹ́ náà mọ́ra ní ọdún 2009, wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 2010, Hoare fi ipò olórí sílẹ̀ ní ọdún 2013, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ó fìdí múlẹ̀ sì jáde ní ọjọ́ 15, oṣù karùn-ún, ọdún 2015. Ohun méjì nípa èdè yìí ni ó kan àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá: èrò tí wọ́n kọ́ ọ lé lórí, àti ọwọ́ tí ó fi ń gba àlejò.

Iṣẹ́ yòówù tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe, àyè ni iṣẹ́ náà ń gbà nínú iyè rẹ̀, àyè tí a bá sì gbà, dandan ni kí a dá a padà. Nínú èdè C, tí ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọwọ́ aṣètò ni gbígbà àti dídápadà wà. Bí ó bá gbàgbé láti dá àyè padà, iyè ẹ̀rọ yóò kún. Bí ó bá tún lọ ń lo àyè tí ó ti dá padà, ohun tí ẹlòmíràn ti gbé síbẹ̀ ni yóò máa kà, àwọn ọ̀daràn sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ní ọdún 2019 ilé-iṣẹ́ Microsoft sọ ọ́ ní gbangba pé nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 àwọn àléébù ààbò tí wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún ni ó ti ibi àṣìlò iyè wá. Àwọn èdè bíi Java gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi agbálẹ̀ kan sínú ètò, tí yóò máa rìn káàkiri, tí yóò máa kó ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ dànù. Agbálẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òun náà ń jẹ nínú agbára ẹ̀rọ, ó sì lè dé nígbà tí ilé kún fún àlejò. Rust kò gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí aṣètò, kò sì gba agbálẹ̀ síṣẹ́. Ìbéèrè kan ni ó ń bi nípa ohun gbogbo: Ta ni ó ni ín?

Ohun kọ̀ọ̀kan nínú ètò Rust ni ó ní ẹnì kan tí ó ni ín, ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí sáà ẹni náà bá tán, ohun-ìní rẹ̀ yóò bá a lọ, àyè rẹ̀ yóò sì ṣófo fún ẹlòmíràn. Níhìn-ín ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀. ‘Olóhun’ ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí a kò bá ti fi àmì sábẹ́ fáwẹ̀lì, ó ṣòro láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára Ọlọ́hun, kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń ka ìwé àdúrà. ‘Oní-nǹkan’ kò ní wàhálà yìí. ‘Níní’ sì tó fún ipò náà fúnra rẹ̀.

Oní-nǹkan lè pinnu láti yọ ọwọ́ kúrò pátápátá, kí ohun náà di ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tí ó ṣe Rust lò fún èyí jẹ mọ́ ìṣípòpadà, bí ẹni pé a gbé ẹrù láti yàrá kan lọ sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ náà lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí pé ẹrù gan-an sábà máa ń wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ni ín ni ó yí padà. Bí olùtúmọ̀ bá wá sọ ọ́ di ‘ìṣípòpadà’, àṣìṣe ẹlòmíràn ni ó rù wọlé. Nígbà tí gómìnà kan bá parí sáà rẹ̀, ńṣe ni ó ń fa ìjọba lé ẹlòmíràn lọ́wọ́: ilé ìjọba kò kúrò níbi tí ó wà, àga kò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, àṣẹ tí ẹni àná bá pa kò ní ìtumọ̀ mọ́. ‘Ìfàlélọ́wọ́’ ni ó yẹ. Ohun tí a ti fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, Rust kò ní gbà kí a tún fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó yẹ kí ènìyàn fa ohun-ìní rẹ̀ léni lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó ṣeé ṣe. Nígbà mìíràn, ẹlòmíràn kàn fẹ́ lò ó fún ìgbà díẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà fún ẹni tí ó gba ọkọ́ aládùúgbò lọ sí oko àti ẹni tí ó gba iyọ̀ aládùúgbò sí ọbẹ̀. Yorùbá ní méjì. Ọkọ́ ni à ń yá. Iyọ̀ ni à ń wín. Ẹni tí ó yá ọkọ́ yóò dá ọkọ́ náà gan-an padà, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wín iyọ̀ ti jẹ ẹ́. Iyọ̀ mìíràn tí ó tó o ni yóò fi san án. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ owó ti da ààlà yìí rú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n ń sọ pé àwọn yá owó, bẹ́ẹ̀ owó tí a ti ná kò lè padà wá bí ó ti lọ. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà kò tíì kú. Kò sí ìyàwó ilé tí yóò ní kí aládùúgbò òun wín òun ní odó.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà ní ìpìlẹ̀ Rust. Iṣẹ́ tí ó bá gba ohun oní-nǹkan fún ìgbà díẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ tán, kò gbọdọ̀ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ dì í mú kọjá sáà ẹni tí ó ni ín. Yíyá ni, pọ́ńbélé. Olùkọ́ tí ó bá fi ‘wín’ túmọ̀ rẹ̀ yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé òun lè lo ohun náà tán kí òun sì fi òmíràn dípò, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì lo ọ̀sẹ̀ méjì láti fi bá ẹ̀rọ jà lórí ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bà jẹ́. Ẹni tí ó bá sì fi ‘yá’ túmọ̀ rẹ̀ yóò rí i pé ọmọ tí wọ́n bí sí àárín Yorùbá ti mọ òfin náà kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. (Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé àwọn onímọ̀ èdè fúnra wọn ń pe ‘táyà’ àti ‘búrẹ́dì’ ní ọ̀rọ̀ àyálò, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń ronú àtidá wọn padà.)

Ọ̀nà méjì ni yíyá náà pín sí. Bí ọkọ́ bá wà nílẹ̀, ogún ènìyàn lè jọ máa wò ó láì pa ara wọn lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá gbà á láti rọ ẹnu rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbé e sílẹ̀. Bí Rust ti ń ṣe é nìyẹn: ayáwò lè pọ̀ tó bí wọ́n ti fẹ́, ayátúnṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan, àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ pàdé. ‘Àyáwò’ àti ‘àyátúnṣe’ ni a lè pe irú yíyá méjèèjì, ní ìlànà tí ‘àyálò’ ti là sílẹ̀.

Ó kù ọwọ́ tí èdè náà fi ń gba àlejò. Ẹ jẹ́ kí a wo ètò kékeré yìí:

let ọkọ́ = String::from("ọkọ́ àgbẹ̀");
let tuntun = ọkọ́;
println!("{}", ọkọ́);

Ní ìlà kejì, ‘ọkọ́’ ti fa ohun-ìní rẹ̀ lé ‘tuntun’ lọ́wọ́. Ní ìlà kẹta, ó tún fẹ́ lò ó. Atúmọ̀, èyíinì ni ètò tí ń yẹ iṣẹ́ aṣètò wò tí ó sì ń sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ, kò ní gbà á. Ọ̀pọ̀ atúmọ̀ àtijọ́ dàbí olùkọ́ tí ó na ọmọ láì sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀: ẹyọ ọ̀rọ̀ líle kan àti nọ́ńbà ìlà, ó parí. Atúmọ̀ Rust yóò tọ́ka sí ibi tí a ti fa nǹkan léni lọ́wọ́, yóò tọ́ka sí ibi tí a ti tún fẹ́ lò ó, yóò sọ ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi lè jọ dúró, yóò sì dámọ̀ràn pé bóyá kí aṣètò ṣe ẹ̀dà ohun náà. Àṣìṣe náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, E0382, tí aṣètò lè fi béèrè àlàyé kíkún. Ní ọdún 2016 ni wọ́n tún ọ̀nà ìkìlọ̀ yìí ṣe, wọn kò sì fi pamọ́ pé lára èdè mìíràn tí ń jẹ́ Elm ni wọ́n ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìwà àwọn ènìyàn inú rẹ̀ bá èyí mu. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ní ìlànà ìwà, Hoare fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ kọ ọ́. Lára ohun tí ìlànà náà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fojú tín-ín-rín ẹlòmíràn ni bí ìmọ̀ rẹ̀ ti mọ. Ìwé ẹ̀kọ́ èdè náà, tí Steve Klabnik àti Carol Nichols kọ, wà fún kíkà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún 2014, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kí èdè náà yí padà lè kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, kí gbogbo ènìyàn jíròrò lé e lórí. Kì í ṣe pé ibẹ̀ jẹ́ ọ̀run. Ní ọdún 2020 Mozilla dá nǹkan bí 250 òṣìṣẹ́ dúró, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí Rust sì wà nínú wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó èdè náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, gbogbo ìgbìmọ̀ tí ń mú ìlànà ìwà ṣẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà kò fẹ́ kí òfin mú àwọn. Ó di ọdún 2023 kí ìgbìmọ̀ olórí tuntun tó dúró. Ẹni tí ó bá ń yin àwùjọ kan tí kò sọ èyí kò tíì yìn ín dé ibi kan.

Ohun kan tún wà nínú èdè náà tí ó kan akọ̀wé Yorùbá tààrà. Ọ̀pọ̀ èdè ìṣètò àtijọ́ gbà pé ibùsọ̀ kan náà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú iyè, bí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Rust kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ‘ọjọ́’ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ, àmì mẹ́rin ni, nítorí pé àmì ohùn òkè dá dúró. Ibùsọ̀ mẹ́sàn-án ni ó sì gbà: mẹ́ta fún ‘ọ’ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ‘j’, méjì fún àmì ohùn. Bí aṣètò bá ní kí Rust mú lẹ́tà àkọ́kọ́ wá nípa kíka ibùsọ̀ lásán, yóò kọ̀, nítorí pé ìdá mẹ́ta ‘ọ’ kì í ṣe ‘ọ’. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ó sì ti ṣeé ṣe láti fi Yorùbá tí ó ní àmì sọ nǹkan lórúkọ nínú ètò, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ òkè yìí ti ṣe.

Ní ọdún 2022 wọ́n ké sí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ láti to àwọn ìkìlọ̀ atúmọ̀ kí wọ́n lè ṣeé túmọ̀ sí èdè mìíràn. Ibi yòówù tí iṣẹ́ yẹn bá já sí, ó yẹ kí Yorùbá ti ní èsì tirẹ̀ nílẹ̀. Ìkìlọ̀ E0382 lè lọ báyìí: ‘Ìlà 2 ti fa ọkọ́ lé tuntun lọ́wọ́. Ẹ kò lè lò ó mọ́ ní ìlà 3. Ẹ lè yá tuntun ní ọkọ́ dípò kí ẹ fà á lé e lọ́wọ́, tàbí kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀.’ Gẹ̀ẹ́sì kò ní láti yàn láàárín ‘o’ àti ‘ẹ’. Olùtúmọ̀ Yorùbá kò lè sá fún un. Àwọn kan yóò sọ pé atúmọ̀ dàbí olùkọ́, olùkọ́ sì ń pe akẹ́kọ̀ọ́ ní ‘o’. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mọ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ó ń tẹ̀ ẹ́ tàbí ìyá àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí a kò bá sì mọ̀ rí, ‘ẹ’ ni à ń pè é.