Oògùn Ṣáínà ní Kofar Marke

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Bí ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí bá dé Kofar Marke lónìí, ẹnu á yà á: àwọn tó ń gbé Sókótó gan-an ti ń wá oògùn tiwọn lọ sí Ṣáínà.

Kofar Marke jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ ẹnubodè ní Sókótó, ìlú tí Muhammad Bello, tó wá di Sultan, tẹ̀ dó ní 1809. Marke ni Hausa ń pe igi àyìn, èyí tí Yorùbá fi ń rin orín. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, mai magani, ìyẹn olóògùn, á tẹ́ ẹní rẹ̀, á to èèpo igi, ata ilẹ̀, kànáfùrù àti habbatus sauda, ìyẹn hóró dúdú, kalẹ̀. Bí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún bá ní orúnkún ń ro òun, sanyi, ìyẹn òtútù, ni ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Ohun tí àwọn oníṣègùn Ṣáínà ń sọ kò jìnnà sí èyí. Wọ́n ní òtútù àti ooru, yin àti yang, gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú ara, kí ọ̀kan má bo èkejì. Ìwé àtijọ́ wọn, Huangdi Neijing, ka ọjọ́ orí obìnrin ní méje-méje, ti ọkùnrin ní mẹ́jọ-mẹ́jọ: ní 40 irun ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í re, ní 49 nǹkan oṣù obìnrin dúró. Wọn ò ṣì í rárá, nítorí àjọ ìlera àgbáyé lónìí ní láàárín 45 sí 55 ni ti ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dúró.

Sókótó náà kì í ṣe òpè nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Bello fúnra rẹ̀ kọ̀wé lórí jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì kọ òmíràn lórí ewé sana tí wọ́n ń lò láti fọ inú.

Ewé ní ń jẹ́. Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ẹ wo Liuwei Dihuang Wan, hóró dúdú róbótó tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà. Ohun mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan sì jẹ́ isu, ìbátan èyí tí à ń gún níyán. Qian Yi, oníṣègùn àwọn ọmọdé láyé ìjọba Song, ló ṣe é. Ìwé tí oògùn náà wà nínú rẹ̀ jáde ní 1119. Àwọn ọmọ tí àwùjẹ̀ wọn kò tètè dì ló ṣe é fún! Àgbà ló wá gbà á lọ́wọ́ ọmọdé.

Àmọ́ ewé lè pé kó sì jẹ́ pé èyí tí kò yẹ ni wọ́n fi pé e. Láàárín ọdún 1990 sí 1992, ilé ìwòsàn kan ní Brussels ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ kí ara wọn fúyẹ́ ní oògùn tí ewé Ṣáínà wà nínú rẹ̀. Fangji ni wọ́n rò pé àwọn rà. Guang fangji, tí orúkọ rẹ̀ jọ ọ́, ni wọ́n kó wọlé, májèlé aristolochic acid sì wà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà tú àṣírí rẹ̀ ní 1993. Nǹkan bí 100 aláìsàn ni kíndìnrín wọn bàjẹ́, jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ sì tún mú àwọn kan nínú wọn.

Èyí kò sọ pé irọ́ ni ewé Ṣáínà. Inú ewé qinghao ni Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, ti rí artemisinin, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2015, òun náà ló wà nínú oògùn ibà tí à ń rà ní kẹ́míìsì. Ṣùgbọ́n ó yọ èròjà náà, ó wọ̀n ọ́n, ó dán an wò. Wíwọ̀n yẹn ni sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn Ṣáínà tí ọ̀rẹ́ ń tà fún ọ̀rẹ́ kì í sábà ní.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Gancao, gbòǹgbò adùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ àgbo Ṣáínà, a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè bí a bá mu ún lámujù. Danggui, tí wọ́n ń tà fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ fẹ́ dúró, kò bá warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, rẹ́ rárá. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà. Ejiao, oògùn Ṣáínà mìíràn, ńkọ́? Awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n ń sè títí á fi dì. Nítorí rẹ̀ ni Niger fi dá títa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sókè òkun dúró ní 2016, tí àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà sì fòfin de òwò awọ rẹ̀ ní February 2024.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú àpò ṣòkòtò tiwa, zobo, omi ìṣápá pupa tí gbogbo Sókótó ń mu, wà nílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010 fi hàn pé ife mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù díẹ̀. Kí ẹ má kàn da ṣúgà bò ó.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ mu ti Ṣáínà, kó wo nọ́ńbà NAFDAC, kó mú páálí rẹ̀ àti gbogbo oògùn tó ń lò lọ bá dókítà. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún ọdún kan, tó wá tún rí ẹ̀jẹ̀, kó má wá ewé kankan. Kó gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà.