Ẹ̀kọ́ Lórí Ewé Akíntọ́lá àti Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Àáró

Ẹ̀yin àgbẹ̀ olóko kòkó,

Ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ni a máa ń fún sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ni irúgbìn rẹ̀ bá irúgbìn igi Gmelina wọ Nàìjíríà láti erékùṣù Ceylon, èyí tí à ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí.

Ibi tí ó ń ṣe

Kò fẹ́ràn òjìji. Lábẹ́ kòkó tí orí wọn ti pàdé, kò lè gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oko kòkó tuntun, ní etí ọ̀nà àti ní oko àpatì, a máa bo ilẹ̀ pátápátá, a sì máa fún ọmọ kòkó pa. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, yóò gbẹ, iná yóò sì ti ibẹ̀ wọ inú oko.

Ìdí tí agbára ẹnìkan kò fi ká a

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìn-ín-ní ni ó ń tanná. Irúgbìn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì ní irun, nítorí náà afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa gbé e láti oko dé oko. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí a sùn lóru.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Kí ẹgbẹ́ àáró yan ọjọ́ ní oṣù kẹwàá, kí ó tó tanná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀nà àti oko àpatì, títí kan oko opó àti ti ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀.

2. Àdá nìkan kò tó, nítorí láti ìdí ni ó ti ń rú padà. Ẹ fi ọkọ́ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀.

3. Ẹ má ṣe fi iná sí i. Ẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò ní gbòǹgbò rẹ̀, kí oòrùn pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sí àárín ọ̀wọ́ kòkó kí ó jẹrà.

4. Ẹ gbin kòkó dí àlàfo, kí ẹ sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ìbòjì fún èyí tí ó kéré.

5. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ padà lọ fa èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Àáró ni àwọn baba wa fi ń kọ ebè. Ẹ jẹ́ kí a fi gba oko kòkó wa là. Ọjọ́ kan tí ẹ lò lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, oko tiyín ni ẹ fi ṣọ́.